Orúnkún Onítáìlì

Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ni tiwa,
àmọ́ èmi Mùdáṣírù, ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi kúnlẹ̀.
Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ olówó n'Íkòyí,
mo kúnlẹ̀ nílé ìwẹ̀ àwọn tí n kò rójú wọn rí,
mò ń fi òòlù rọ́bà gbá táìlì, kó, kó, kó,
mò ń fetí wá ibi tó ṣófo lábẹ́.
Táìlì tó bá ṣófo, ohùn rẹ̀ yàtọ̀.
N kò mọ̀ pé orúnkún náà ní ohùn tirẹ̀.

Òkè Pópó ni mò ń gbé, ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ bàbá wa,
àtẹ̀gùn méjìlélógún, pákó ni gbogbo rẹ̀.
Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀,
àtẹ̀gùn á ké, orúnkún á dá a lóhùn,
Ṣẹ̀kínátù ọmọ mi á ní, "Bàbá, èwo ló ké nínú yín?"

Mọ́ṣáláṣí àdúgbò, èmi ni mo to ilẹ̀ rẹ̀,
ọ̀fẹ́ ni, nítorí Ọlọ́run.
Gbogbo ìlà gún régé.
Orí àga ni mo ti ń kírun níbẹ̀ báyìí, lẹ́yìn pátápátá,
mò ń wo iwájú orí ẹlòmíì
bó ṣe ń kan iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Dókítà Mórounmúbọ̀, ní Ìdí-Àràbà, fi àwòrán hàn mí.
"Ẹ wò ó, eegun ń fi ara gbo eegun."
Ó ní ohun kan wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀, funfun, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́,
irú èyí táwọn ọmọdé ń rún lẹ́nu
bí wọ́n bá jẹ itan adìyẹ tán,
eegun bisikíìtì.
Tèmi ti tán. Ta ló rún un?
Pálọ̀ Íkòyí ló rún un.
Kì í sì í hù padà fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀.

Ìgbà náà ló wá dárúkọ mùdùnmúdùn.
Ó ní nínú eegun ìbàdí mi, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà
tí wọn ò tíì yan iṣẹ́.
Ibi tí a bá mú wọn lọ, wọ́n lè kọ́ṣẹ́ ibẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ lẹ̀ ń wí yìí!
Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ṣé wọ́n ṣì kù nínú mi?"
"Wọ́n kù, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ mọ́, wọ́n sì ti ń lọ́ra.
N ò ṣèlérí, Bàbá. Ara ẹlòmíì yá, ẹlòmíì ò rí ìyàtọ̀.
A ṣì ń wò ó ni."
Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n gbà.
Oníṣẹ́ tó bá ní táìlì òun ò ní là láéláé,
irọ́ ló ń pa.

Abẹ́rẹ́ náà gùn.
Èdè wa ṣe ohun kan tí kò yé mi:
ọ̀rọ̀ tí a fi ń ròyìn oyin la fi ń ròyìn egbò.
Mùdùnmúdùn. Ó dùn mí, ó dùn mí,
omi pupa kún inú ike.
Ẹ̀rọ yí i bìrìbìrì, wọ́n ṣa èyí tí wọ́n fẹ́,
wọ́n fi abẹ́rẹ́ mìíràn dá a padà sórúnkún òsì.
Èmi ni mo tọrọ lọ́wọ́ mi, èmi náà ni mo fún mi.
Ṣẹ̀kínátù nìkan ni mo jẹ ní gbèsè:
fírísà rẹ̀ méjèèjì ló tà.

Oṣù kìn-ín-ní, kò sí nǹkan kan.
Oṣù kẹta, ó wú, ó tún fọn.
Mò ń bá wọn sọ̀rọ̀ lóru, bí mo ṣe ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wí:
Ẹ má kánjú. Ẹ tẹ́ ẹ kó dọ́gba.
Ẹ má fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́.

Àná, lóṣù keje, táìlì kan ṣí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nísàlẹ̀.
Mo gbá a, ó ṣófo.
N kò pe ẹnikẹ́ni. Mo di ògiri mú,
mo rọra gbé orúnkún òsì kalẹ̀
bí ẹni ń gbé ẹyin lélẹ̀.
Ó dùn.
N kò tíì lè sọ èwo nínú méjèèjì.